Àlejò, Ààlà àti Àdéhùn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ìbẹ̀sè, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi ìlú tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, tí ó di àlejò ní Mẹ̀dínà.

Nígbà tí akọ̀wé yín mú ìwé ìpè wá bá mi ní Ìlaròó, ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nípa ààbò ìlú. Orí ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nílé mi, ó sọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n jí alùpùpù mẹ́ta gbé láàárín oṣù kan. Ó ní àwọn kan nínú yín ti kọ lẹ́tà kan tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹgbẹ́ sí, pé kí gbogbo onílé tí ó gba ará Bẹ̀nẹ̀, ará Tógò tàbí ará Niger sílé lé wọn jáde láàárín ọjọ́ méje, àti pé bí onílé kò bá ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ yóò bá a ṣe é. Ó ní kí n wá sọ bóyá ẹ̀sìn fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn gan-an ni mo bá wá. Ẹ má bínú bí n kò bá dúró sórí ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìpè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ààlà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sí àríwá. Kò sí ọba Yorùbá kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rán ìwé sí wọn. Ní ọdún 1906 wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn tí ó fìdí ààlà náà múlẹ̀. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ń sin Kétu láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí wà lápá ọ̀hún, wọ́n sì wà lápá ìhín. Títí di òní, àwọn kan wà ní agbègbè wa tí ilé wọn wà ní Nàìjíríà tí oko wọn sì wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí, ṣé ẹ ó pe ìyẹn ní arúfin?

Nígbà tí Faransé ń jọba ní Dàhòmì, bí wọ́n ti ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ìyà pọ̀ fún àwọn ènìyàn wa tí ó wà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ àfipáṣe ń bẹ níbẹ̀, owó orí ń bẹ níbẹ̀, àti pàápàá ní àkókò ogun 1914 sí 1918, wọ́n ń fi tipátipá mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí iṣẹ́ ológun. Kí ni àwọn ènìyàn náà ṣe? Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n kó ewúrẹ́ àti ọmọ, wọ́n sì gba ọ̀nà igbó wọ Ìmẹ̀kọ àti ilẹ̀ Ẹgbàdò, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ ìwé lórí bí a ti ṣe gbé lábẹ́ àwọn Òyìnbó méjèèjì yìí. Ìwé náà jáde ní ọdún 1976, mo sì rọ ẹni tí ó bá lè rí i pé kí ó kà á. Àwọn tí ó sá wá nígbà náà kò ní ìwé ìrìnnà. Àwọn bàbá wa fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n bímọ. Bí a bá ní kí olúkúlùkù tí ó wà níhìn-ín ka ìran rẹ̀ sẹ́yìn títí dé orí bàbá bàbá rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó kọ lẹ́tà yẹn yóò lè kà á tán láìdúró.

Wàyí o, ẹni kan yóò sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ayé tí ojú tèmi tó.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Yewa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ilẹ̀ Gánà kí wọ́n tó bí mi, ó ń ta aṣọ ní ọjà Kúmásì, ó sì bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti wà níbẹ̀ kí Gánà tó gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò mọ ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta gbogbo ohun tí ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ní iye tí aládùúgbò bá pè é. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ọdún méjì dá ẹ̀súsú rà wà nínú ohun tí ó tà. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù kan àti ọmọ mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ó kan àwa náà láti lé ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fojú díwọ̀n àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sí bíi mílíọ̀nù méjì, bí ìdajì wọn sì jẹ́ ará Gánà. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ẹnubodè rẹ̀ pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Nítorí náà Tógò ti tirẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ti tirẹ̀, àwọn ènìyàn sì há sí Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu nínú oòrùn pẹ̀lú ọmọdé, títí Gánà fi ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà. Ibẹ̀ ni àpò ńlá aláràbarà yẹn ti gba orúkọ tí gbogbo yín mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀ ń fi í kó aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ẹ kò ronú pé orúkọ ìlékúrò ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kẹta. Ará Gánà ni olùkọ́ ìṣirò wa, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa ní àkókò yẹn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ìdá jẹ́. Wọ́n gbé ẹrù wọn síta láti tà. Bàbá mi lọ síbẹ̀, ó sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó olùkọ́ náà ní owó tí kò tó nǹkan. Inú gbogbo wa dùn. Ní ọdún Iléyá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó rí ẹ̀rọ náà ní ìyẹ̀wù, ó sì béèrè ibi tí a ti rí i. Bàbá mi sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Mo mọ ẹni tí ó ni ín.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ará Gánà ni.” Ó ní, “Èmi ni.” Kò jẹun nílé wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé wa. A kò tà á, a kò sì fi í rán aṣọ mọ́.

Kí ni a rí gbà nínú lílé tí a lé wọn? Owó epo rọ̀bì ló ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ìbò ọdún 1983 sì ń bọ̀. Ó rọrùn láti sọ pé àjèjì ló fà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọjà kò rọ̀, olè kò sì dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún yẹn gan-an, àwọn ológun gba ìjọba, ọ̀rọ̀ ajé tí ó bàjẹ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Kíláàsì tiwa kò ní olùkọ́ ìṣirò títí ọdún fi parí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni mò ń sọ yìí, pé ìjọba lágbára láti ti ẹnubodè. Òótọ́ ni, ó lágbára, ó sì ti tì í nígbà púpọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984 ìjọba ológun ti ẹnubodè orí ilẹ̀, kò sì ṣí i títí di ọdún 1986. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ti Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí àwọn tí ń jí ọkọ̀ gbé kọjá. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019 wọ́n tún tì í nítorí ìrẹsì, epo bẹntiróò àti ohun ìjà. Ìdírókò kò sì padà ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Èyí tí ó dùn wá jù ni àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 2019, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo dé ilé epo tí ó bá wà láàárín kìlómítà ogún sí ẹnubodè. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé létí ààlà, tí ó ní káàdì ìdìbò, kò rí epo rà sí ẹ̀rọ tí ó fi ń lọ gàrí, nítorí pé wọ́n fura sí ibi tí ó ń gbé.

N kò sọ pé kò sí ìdí kankan. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin ìrẹsì ní ilẹ̀ wa ní ẹ̀tọ́ kí ọjà rẹ̀ tà. Ìbọn tí ó gba igbó wọlé kì í béèrè ẹni tí yóò pa. Ẹni tí ó bá sọ pé kí á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni máa wọlé bí ó ti wù ú, òun náà kò ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ni pé nígbà tí ẹnubodè wà ní títì, ìrẹsì ń wọlé ní òru, owó ń bọ́ sápò àwọn kan lójú ọ̀nà, ẹni tí kò rí ọ̀nà gbà sì ni obìnrin tí ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ẹ sì rántí oṣù kejì ọdún 2021. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní Àríwá Yewa, tí wọ́n ń pa ènìyàn tí wọ́n sì ń sun ilé ní agbègbè Ẹ̀gùá àti Àgbọ́n-Òjòdù, níbo ni àwọn ènìyàn wa sá lọ? Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n sá lọ. Aboyún sá lọ, arúgbó sá lọ. Ẹnubodè wà ní títì láti ọ̀dọ̀ tiwa nígbà náà, wọn kò sì ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Àwọn abúlé tí ó wà lódìkejì gbà wọ́n sílé, wọ́n pín oúnjẹ fún wọn. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti kọ lẹ́tà ọlọ́jọ́ méje fún àwọn onílé wọn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ohun tí ẹ béèrè gan-an, ìyẹn ohun tí ẹ̀sìn sọ. Púpọ̀ nínú yín ti mọ ìtàn àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n sá lọ sí Habasha lábẹ́ ọba Kìrìsìtẹ́nì, tí àwọn Kuraesi fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ pé kí ó dá wọn padà, tí ọba náà gbọ́ ti ẹnu Jaʻfar ọmọ Abu Talib, tí ó sì dá ẹ̀bùn padà dípò ènìyàn. Ẹ mọ ti àwọn Ansar pẹ̀lú. N kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí, nítorí gbogbo wáàsí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú: nígbà tí Saʻd ọmọ Rabiʻ fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún Abdur-Rahman ọmọ Awf, ohun tí àlejò yẹn béèrè ni pé kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà hàn òun. Iṣẹ́ ni àlejò ń wá. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbẹ̀sè yìí ní ọdún 2012, ta ló ń ru búlọ́ọ̀kù, ta ló ń gbẹ́ kòtò ṣáláńgá, ta ló ń roko fún yín nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá wà lórí ọ̀kadà?

Ìtàn tí a kì í sọ tó ni ti Hudaibiya, ní ọdún kẹfà Híjírà. Nínú àdéhùn tí Ànábì bá àwọn Kuraesi ṣe, ó wà níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá sá kúrò ní Mákà láìgba àṣẹ alágbàtọ́ rẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Wọn kò tíì kọ àdéhùn tán nígbà tí Abu Jandal dé, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ẹsẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun. Bàbá rẹ̀ gan-an ló ṣojú àwọn Kuraesi. Ọkàn àwọn sahaba gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ànábì mú àdéhùn ṣẹ, ó ní kí ó ṣe sùúrù, Ọlọ́hun yóò ṣí ọ̀nà fún un. Lẹ́yìn náà ni ìfihàn sọ̀kalẹ̀, ní Súúrà ọgọ́ta, tí ó yọ àwọn obìnrin olùgbàgbọ́ kúrò nínú àwọn tí a ó dá padà.

Ẹ wò ó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò gbe ẹnikẹ́ni nínú wa tán. Ó bá ẹni tí ó ní kí á má ka ààlà sí wí: àdéhùn ni ààlà, àdéhùn sì ní ẹ̀tọ́ lórí Mùsùlùmí, ìbáà tilẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà wí pẹ̀lú: aṣíwájú ìlú ló ṣe àdéhùn, òun ló sì mú un ṣẹ, ní gbangba, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí a kọ. Kò sí sahaba kan tí ó lọ fọ́ ilẹ̀kùn àlejò lóru.

Àdéhùn tiwa náà wà. Ní Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975, ní Dakar ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé àjẹsára. Bí ó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gba àṣẹ. Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ECOWAS ní kí àwọn tí ó kù ṣì máa gbà wọ́n wọlé bí ti tẹ́lẹ̀ títí a ó fi pinnu ohun mìíràn. Òfin ìwọ̀lú tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 sọ àwọn tí ó lè dá ènìyàn padà àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é. Mo ti wá a, n kò rí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ fún àwọn tí kò ní ìwé ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ láìsí ìyà. Ìyẹn ni èmi ì bá fẹ́ kí á máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: kí a mọ ẹni tí ó wà láàárín wa, kí ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ lè jáde lọ́sàn-án. Ẹni tí ó ń sá fún ìmígíréṣọ̀n kò lè mú ẹjọ́ lọ bá ọlọ́pàá. Nítorí náà olè ló ń fi irú rẹ̀ bojú.

Ó ku ohun kan, òun ló sì le jù láti sọ, nítorí ọ̀dọ̀ tiwa ló wà. Àwọn wo ló ń fi alùpùpù kó àwọn aláìníwèé gba ọ̀nà igbó ní iye tí ó tó owó oṣù kan? Àwọn onílé wo ló ń gba ìlọ́po méjì owó yàrá lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọn kò lè fẹjọ́ sùn? Mo rí wọn ní sáàfù iwájú ní ọjọ́ Jímọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọmọdé. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí iye wọn lé ní ọgọ́rùn-ún jáde ní ibi ìfọ́kúta ní Abẹ́òkúta wa yìí. Púpọ̀ wọn wá láti agbègbè Zakpota. Àwọn ọmọ kéékèèké ni, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ẹlòmíràn sì ń gba owó wọn. Ní ọdún kan náà ni ìjọba dá NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Ṣé ó ti tán? Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbé dúró lọ́sàn-án ọ̀la. Ọmọbìnrin tí ó ń kiri omi níbẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, ta ló mú un wá? Ta ló ń gba owó rẹ̀ ní alẹ́? Lẹ́tà yín kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá lé e pẹ̀lú àwọn yòókù, ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá náà ni yóò tún bọ́ sí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí akọ̀wé ni pé ẹ̀sìn kò fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kí ẹ má sì fi orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ alùpùpù mẹ́ta, kí àwọn tí ó ni wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló tíì lọ. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ ara wa ẹni tí ń ra alùpùpù tí kò ní ìwé, nítorí olè kì í jí ohun tí kò rí ẹni rà. Kí àwọn onílé tí ó wà nínú ẹgbẹ́ mọ orúkọ àti ìwé ẹni tí ó ń gbé ilé wọn. Ẹni tí kò bá ní, kí ẹ bá a dé ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, kí ẹ sì jókòó tì í, kí wọ́n má baà gba ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bá lọ́yà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìlaròó sọ ọ́. Ó ṣe tán láti wá ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tí ń bọ̀. Ní ti ọmọbìnrin olómi yẹn, mo fẹ́ kí ìyá méjì dìde lónìí kí a tó túká, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lọ́la pẹ̀lú ẹni tí ó gbọ́ Ègùn.

Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó mú un wá síbí. Ẹni tí ó kọ ọ́ wà láàárín wa, n kò sì fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ní èsì sí ohun tí mo sọ, kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí a gba ìbéèrè àwọn yòókù.